Ọdún Tí Màdáàmù Lucie Tọrọ Ìbò

Lọ́dún 1985, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, olùkọ́ wa ní Akparé, ní orílẹ̀-èdè Togo, jáde láti du ipò aṣòfin. Màdáàmù Lucie là ń pè é. Opó ni, ó ga, ó sì máa ń gun mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré kan tí a ó ti máa gbọ́ ìró rẹ̀ láti ìdí odò kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀, ó máa ń ṣe mí bíi kí n dìde kí olùkọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ó sọ fún wa, eruku ọyẹ́ ṣì wà lójú fèrèsé. Ó ní ìjọba ti kéde pé ẹni tó bá wù ú lè dìde lọ́tẹ̀ yìí, òun náà yóò sì dìde. Mo na ọwọ́ sókè.

"Màdáàmù, ṣé obìnrin lè jẹ Ààrẹ náà?"

Àwọn ẹgbẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹfun ìkọ̀wé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Julienne, mi ò rí ibi tí òfin ti ní kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Ojú wa ni kò tíì mọ́ ọn. Bí a bá rí obìnrin tó ń tọrọ ìbò ní Akparé, tí a tún rí i ní Atakpamé, lọ́jọ́ tí a bá rí i ní Lomé kò ní í yà wá lẹ́nu mọ́. Èmi lè má dé ibẹ̀. Ẹni tó máa débẹ̀ lè ṣì máa pọn omi láàárọ̀ kó tó wá sílé ìwé."

Mo ti pọn omi lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ìlú pé jọ sábẹ́ igi máńgòrò láti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bàbá Fáníyì, àgbà àgbẹ̀ kan tí ẹnu rẹ̀ tólẹ̀ láàárín wa, ló kọ́kọ́ dìde.

"Lucie, ọmọ wa ni ọ́, o sì ń kọ́ àwọn ọmọ wa dáadáa. Ṣùgbọ́n obìnrin kì í gun òrùlé. Iṣẹ́ tí ò ń wá yìí, òrùlé ni."

Kí Màdáàmù tó lanu, Ìyá Àpọ̀kẹ́, ìyàwó Bàbá Fáníyì gan-an, ti tún ìró rẹ̀ ró, ó sì ti dìde.

"Baálé mi, ẹ má bínú. Lọ́dún tí ẹsẹ̀ yín dá, tí ìjì ṣí koríko orí ilé wa, ta ló gun òrùlé?"

Bàbá Fáníyì ní, "Ìwọ ni."

"Ṣé ó jò lẹ́yìn náà?"

"Kò jò."

Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn! Bàbá Fáníyì alára rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn obìnrin Akparé ti ń bá Màdáàmù kiri dé Datcha, dé Kamina. Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lórí mobilẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan, òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, òórùn ilẹ̀ tútù gba gbogbo ọ̀nà. Inú mi kò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó borí ní Akparé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka ìbò gbogbo àgbègbè pọ̀, ọkùnrin kan láti ìgboro ló wọlé. Lọ́jọ́ Ajé, Màdáàmù dé lásìkò bó ti máa ń ṣe, ó kọ déètì sójú pátákó. Lẹ́yìn náà, ó ní ká mú ìwé wa jáde.

Lọ́jọ́ kẹta, èmi àti bàbá mi, Isidore, tó jẹ́ katikíìsì, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní ìjọ wa, ń kọ ebè iṣu. Mo bi í pé, "Bàbá, ta ni ẹ dìbò fún?"

Ó kọ ebè méjì parí kó tó dáhùn.

"Mi ò dìbò fún olùkọ́ yín. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò ó pé bó bá wọlé, tó sì lọ sí Lomé, ìwọ náà á tẹ̀ lé e lọ, o ò ní padà mọ́."

Mo kàn ń sunkún lórí ebè.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó mú mi dání lọ sílé Màdáàmù Lucie, ó sì tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ lójú rẹ̀. Màdáàmù gbọ́ ọ dópin.

"Ó dùn mí," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ ṣeun tí ẹ wá sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí Julienne lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Atakpamé."

Bàbá mi gbà. Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun dé, òun fúnra rẹ̀ ló ru àpótí mi dé etí títì. Ó bẹ awakọ̀ pé kó rọra máa wà á, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń juwọ́, títí mi ò fi rí i mọ́.