Epo Adùnọlá

Ìlara ni ó ṣe mí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí n tó sọ ohunkóhun, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àánú ìyá mi ló mú kí n ṣe ohun tí mo ṣe. Èmi Àpọ̀kẹ́, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, aṣíwájú ẹgbẹ́ aláàdúrà obìnrin ní ìjọ wa ní Erìjìyàn, mo jowú àbúrò mi débi pé oúnjẹ kì í lọ lọ́fun mi bí ó bá wà nínú yàrá.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi ń tọ́jú ìyá wa. Látìgbà tí làkúrègbé ti wọ orúnkún àti ìbàdí rẹ̀, èmi ni mò ń gbé e dìde, èmi ni mò ń gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ kaná, èmi ni mò ń gúnyán tí kò ní kókó kankan fún un. Tí ó bá jẹun tán, yóò ní, "O ṣé," yóò sì kọjú sí ògiri. Kì í ráhùn, kì í sì í yìn mí. Mo gbà pé bí ó ṣe rí nìyẹn.

Ní oṣù kejì ọdún yìí ni Adùnọlá, àbúrò mi, dé láti Ìbàdàn. Nọ́ọ̀sì ni níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún kí ó tó fẹ̀yìn tì. Kò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lọ́dọ̀ wa tí ìyá wa fi ń lá àwo. Ìyá tí kì í sùn ju wákàtí méjì lọ bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Bí ó bá jí, orúkọ Adùnọlá ló kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Pius tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa wá kí i, ìyá wa sọ fún un pé ọwọ́ Adùnọlá dùn, pé láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti dé ni òun ti mọ adùn ọbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí itan mi nígbà tó ń sọ ọ́, èmi ni mò ń fi òróró wọ́ ọ. Ta ló kọ́ Adùnọlá bí a ṣe ń ro ẹ̀fọ́? Èmi ni.

Mo wá ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀fọ́ kan náà la jọ ń rò, iyọ̀ kan náà, ẹja kan náà. Epo nìkan ló yàtọ̀. Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo bá a ní ilé ìdáná ẹ̀yìn, ó ti da epo pupa àti ewé gbígbẹ kan tó ti rún sínú ìkòkò kékeré, ó jókòó tì í lórí àpótí. Iná tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ju ti àtùpà lọ. Bí ó bá fẹ́ ga, yóò fa igi sẹ́yìn. Ní tiwa níhìn-ín, epo tí a bá gbé kaná, à ń jẹ́ kí ó gbóná títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣí, tí èéfín yóò kún ilé. Mo bi í pé irú epo wo ni èyí tí kò gbọdọ̀ gbóná. Ó ní bí ó bá gbóná jù, agbára ewé náà yóò bá èéfín lọ. Nígbà tó yá, ó fi gèlè àtijọ́ kan sẹ́ ẹ sínú ìgò, ó sì gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ewé kí ni?" Mo bi í.

Ó wo ojú mi pẹ́. "Ewé igbó ni, Àǹtí mi."

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ibí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí etí mi gbọ́ fún yín. Ní ìlú wa, ugbó ni à ń pe ibi tí ẹranko ń gbé, bí a ṣe ń pe ilé ní ulé. Àwọn tó ti pẹ́ ní Ìbàdàn ló ń fi ẹnu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pè é ní igbó. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ewé kan ni, inú ugbó ló ti wá. Ewé wo ni kò ti inú ugbó wá? Mo gbà pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, pé kò fẹ́ kí n mọ àṣírí ọwọ́ rẹ̀. Mo pòṣé, mo jáde. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀. Òun náà rò pé ewé yẹn ni mo ń bínú sí, ó sì dákẹ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, Adùnọlá lọ sí Ìjerò lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣọ̀fọ̀. Kí ó tó lọ, ó ní òun ti fún ìyá wa ní ti òwúrọ̀, pé ó di alẹ́ kí ó tó tún kan epo náà. Ó ní ṣíbí tíì kan péré ni. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo ní nínú ara mi pé ahun ni.

Bí ó ṣe lọ tán, mo bẹ iṣu, mo se àsáró. Nígbà tí mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo gbé ìgò náà, mo sì bu epo rẹ̀ sí i pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ ńlá, ẹ̀ẹ̀mejì, bí a ṣe ń bu epo fún ẹni tí a fẹ́ràn. Ìyá wa jẹ ẹ́ tán, ó lá àwo. Ó wò mí, ó ní, "Ó dùn, Àpọ̀kẹ́." Inú mi dùn débi pé orin ni mo fi fọ àwo náà.

Kò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sí ògiri. Ó ní ẹnu òun gbẹ, mo fún un lómi, ó tún bèèrè. Ojú rẹ̀ pọ́n. Lójijì ó di etí ibùsùn mú, ó ní odò ń gbé òun lọ. Mo gbé àdúrà sókè, mo ń pàṣẹ, mo ń lé ẹ̀mí búburú jáde. Bí ohùn mi ṣe ń ga ni ìyá wa ń gbọ̀n. Ẹ̀rù bà mí pé mo ti pa ìyá mi.

Mo sáré lọ sí ilé ìdáná, mo ṣí ìgò náà, mo gbóòórùn rẹ̀. Òórùn àwọn géńdé tó máa ń fa wííwí lẹ́yìn páàkì ni. Igbó ni ọmọ náà wí. Èmi ni mo gbọ́ ugbó.

Mo pe Adùnọlá. Ó bi mí pé ṣíbí mélòó, mo sọ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bíi nọ́ọ̀sì: kí n jẹ́ kí ìyá wa fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí n máa fún un lómi díẹ̀díẹ̀, kí n má ṣe pariwo, kí n máa ṣọ́ èémí rẹ̀; bí èémí náà bá fà sẹ́yìn, kí n gbé e lọ sí ọsibítù láìdúró de òun. Ó ní òun ti ń bọ̀. Kí ó tó pa fóònù, ó ní, "Mo rò pé ẹ mọ̀, Àǹtí mi. Mo sọ fún yín."

Mo padà sọ́dọ̀ ìyá wa, mo ṣe gbogbo rẹ̀ bí ó ṣe wí. Èémí rẹ̀ ń lọ déédéé. Ó fi ọwọ́ wá ọwọ́ mi.

"Adùnọlá," ó ní.

Ojú rẹ̀ là, èmi gan-an ló sì ń wò. Kódà nígbà yẹn, orúkọ náà ta mí. Mo fẹ́ sọ pé Àpọ̀kẹ́ ni. Mo bẹ̀rù pé yóò tún gbọ̀n, ni mo bá dá a lóhùn bí Adùnọlá.

Ó ní, "Àpọ̀kẹ́ ò gbọdọ̀ mọ̀ pé èmi ni mo ní kí o wá ewé yẹn fún mi. Ṣé kò sí nínú ulé?"

Mo ní kò sí nínú ilé.

"Ọmọ dáadáa ni. Ó ń ṣe uṣẹ́ kú lórí mi. Àmọ́ bí mo bá ti ní ó ń dùn mí, yóò kúnlẹ̀, yóò ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọn a gbàdúrà, wọn a ní kí n sọ pé ara mi ti yá. Mo sì ń sọ ọ́. Ọdún mọ́kànlá, Adùnọlá. Mi ò lè kérora lójú ọmọ yẹn."

Àdúrà ti dé etí ètè mi. Mo gbé e mì. Mo fa àga sún mọ́ ibùsùn, mo sì tún sọ fún un pé Àpọ̀kẹ́ kò sí nílé.

Ìyá wa kérora. Kò pariwo rẹ̀, ó kàn gùn ni, ó sì tún ṣe é, ó tún ṣe é, títí ejìká rẹ̀ fi rọ̀. Ohùn yẹn ni Adùnọlá ti ń gbọ́ láti oṣù kejì. Orúkọ rẹ̀ ni mo ní láti jẹ́ kí èmi náà tó gbọ́ ọ.