Ọ̀rọ̀ Tí Àǹtí Kò Sọ

Dókítà ni gbogbo ilé ń pè é, bẹ́ẹ̀ oyè ọ̀hún kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Òní gan-an ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ bi í léèrè lórí ìwé ìwádìí rẹ̀. Àǹtí, àbúrò ìyá rẹ̀, ti wọ bàtà tó ń ta á lẹ́sẹ̀, ó jókòó sí iwájú, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó bá wọlé.

Ojú àwọn tó ń ránṣọ ní ilé iṣẹ́ ni ìwé náà dá lé. Àǹtí wà lára àwọn aránṣọ tí Dókítà fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ó sọ bí iná ibẹ̀ kò ṣe mọ́lẹ̀ tó, bí ojú òsì rẹ̀ ṣe ń ṣe bàìbàì títí ó fi fọ́, àti bí ọ̀gá ṣe ní kó lọ fi omi tútù bọ́jú. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ jókòó ti ohùn gígùn tó gbà sílẹ̀ yẹn? Dókítà wa ṣọ̀lẹ. Ó gbé e fún AI, ó ní kó gé e kúrú, kó yọ ibi tó dùn jù. Ohun tí AI bá a yọ ló lẹ̀ mọ́ ìwé, kò yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà ṣí ìwé. "Èyí yà mí lẹ́nu. Gbogbo wọn ń ráhùn, àfi aránṣọ kan tó ní, 'Ilé iṣẹ́ tọ́jú ojú mi bí ìyá ṣe ń tọ́jú ọmọ.' Ṣé bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Àǹtí. Ojú ti Dókítà débi pé ó ń bẹ ilẹ̀ kó lanu, kó gbé òun mì.

Ni Àǹtí bá dìde. "Èmi ni, sà. Mo sọ ọ́. Ọmọ mi ò kí ń purọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n mi orí, ó mú bírò. Bí Dókítà bá ti dákẹ́, oyè dé nìyẹn.

"Ẹ má kọ ọ́, sà." Dókítà na ọwọ́ dá a dúró. "Àǹtí mi ò sọ bẹ́ẹ̀. AI ló hùmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, èmi ni mo fi sí wọn lẹ́nu."

Àǹtí fa aṣọ Dókítà. "Dákẹ́ jàre! Ojú tó fọ́ ti fọ́. Gbàwé ẹ."

"Kí ni wọ́n wá sọ gan-an?" ni ọ̀jọ̀gbọ́n bi í.

Dókítà la ẹnu. Lọ́jọ́ tí Àǹtí ń rojọ́ ojú rẹ̀ fún un, orí lásán ni Dókítà ń mì, kò fetí sílẹ̀. Kò rántí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.