Ehoro Kẹrin

Tí mo bá kan fèrèsé, afẹ́fẹ́ gan-an á tọrọ àyè kó tó wọlé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá ilé-ìwé fi bẹ̀ mí kí n wá tún fèrèsé kíláàsì àbúrò mi obìnrin ṣe. Ó dáa, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i ni.

Ọjọ́ yẹn ni tíṣà bàọ́lọ́jì máa bi àbúrò mi ní ìbéèrè ìkẹyìn lórí bí ọmọ ṣe ń jọ òbí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fìdí rẹmi. Tó bá tún kùnà, wọ́n á yọ ọ́ kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń lálàá rẹ̀ á sì tán síbẹ̀.

Tíṣà ní: "Ehoro dúdú méjì, akọ àti abo. Ìkọ̀ọ̀kan ní jíìnì àwọ̀ méjì: dúdú kan, funfun kan. Dúdú ló máa ń borí. Wọ́n ti bí mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ dúdú. Ìkẹrin ńkọ́?"

Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo ti là á yé e nídìí oúnjẹ àárọ̀. Ẹgbẹ̀rún ehoro ni mo ti sìn rí; ó dáa, méjì, ọ̀kan sì sá lọ. Mo sọ fún un láàárọ̀ yẹn pé, "Ọ̀kan nínú mẹ́rin ló ń funfun. Mẹ́ta bá ti dúdú, ibo ni ìkẹrin fẹ́ sá gbà?"

Àbúrò mi kọ "funfun" gàdàgbà sójú pátákó.

Tíṣà ò sọ pé ó gbà á, kò sì sọ pé ó kùnà. Ìwà ẹ̀ nìyẹn: kó tó fún ẹ ní máàkì, ìwọ á kọ́kọ́ fún ìdánilójú ara ẹ ní máàkì.

"Nínú mẹ́wàá, mélòó ló dá ẹ lójú?"

"Mẹ́wàá, mà."

"Kí ló jẹ́ kó dá ẹ lójú?"

Ó nawọ́ sí mi lójú fèrèsé.

"Bọ̀dá mi ló sọ ọ́."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Igba orí yí sí mi lójú fèrèsé. Àtàǹpàkò mi ni mo fi òòlù lù. Ó dùn mí dé eyín.

"Ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù," tíṣà wí. "Mi ò bi ẹ ní ohun tí bọ̀dá ẹ mọ̀. Bi ara ẹ léèrè: èwo ni mo mọ̀, èwo ni mo kàn gbà gbọ́?"

Àbúrò mi gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Mo fẹ́ pariwo pé kó má yí i padà. Ló bá rìn wá bá mi.

"Bọ̀dá, ẹ fún mi ní iṣó mẹ́rin. Gígùn méjì, kúkúrú méjì."

"Ṣé o fẹ́ kàn án mọ́ pátákó ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ ná!"

Ó fi gígùn kan àti kúkúrú kan sínú páálí ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn bàbá. Ó ṣe bákan náà nínú páálí kejì, ìyẹn ìyá. Gígùn dúdú, kúkúrú funfun. Ó dijú, ó mú ẹyọ kan nínú ìkọ̀ọ̀kan, ọmọ kan nìyẹn. Ó dá wọn padà. Ó tún mú, ó tún dá a padà. Ìṣẹ́jú kan ló kù. Ìgbà kẹta, ọwọ́ ẹ̀ dúró sínú páálí.

"Mà, àwọn iṣó yìí ò mọ ohun tí mo mú tẹ́lẹ̀!"

Ó nu "funfun" kúrò. "Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ń mú tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìkẹrin fi lè dúdú, ọ̀nà kan ló fi lè funfun, bíi ti àkọ́bí gẹ́lẹ́."

"Nínú mẹ́wàá?"

"Mẹ́sàn-án, mà. Mẹ́wàá àkọ́kọ́ ti kọ́ mi lọ́gbọ́n."

Tíṣà kọ nǹkan sínú ìwé ẹ̀. Mi ò rí i kà láti ojú fèrèsé, ojú àbúrò mi ni mo kà: omijé àti ẹ̀rín lẹ́ẹ̀kan náà. Kò kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì mọ́.

Tíṣà wá kọjú sí mi. "Káfíńtà, fèrèsé yẹn ti dúró? Nínú mẹ́wàá?"

Mo lanu láti sọ pé ogún. Mo bá rí iṣó mẹ́rin tó yẹ kó wà lára fèrèsé, lọ́wọ́ àbúrò mi.

"Mẹ́fà, mà," ni mo wí. "Ẹ má tíì fọwọ́ kàn án."