Ìwé Orúkọ Àwọn Tarrowby

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó yé yín pé èmi kì í ṣe ènìyàn jẹ́jẹ́. Inú máa ń tètè bí mi. Bàbá Dámiláre, ọkọ mi, a máa fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ pé kí òun tó la ẹnu, èmi ti bínú tán. Ọdún kẹfà rèé tó ti kú, ilé sì ti dákẹ́ jù.

Tarrowby ni orúkọ ilé ọkọ mi. Bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ òyìnbó. Ọmọ Ẹ̀gbá sì ni baba ńlá wọn. Àwọn olówò ẹrú kó o sínú ọkọ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Láyé ìgbà yẹn, bí ẹnì kan nílùú òyìnbó bá fi owó ránṣẹ́ sí ìjọ, ó lè ní kí wọ́n fi orúkọ èèyàn òun sọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà. Obìnrin kan ló fi owó ránṣẹ́, ó ní kí wọ́n fi orúkọ àbúrò òun tó kú sọ ọmọ kan. Bí ọmọ Ẹ̀gbá ṣe di Tarrowby nìyẹn. Àwọn ọmọ tó bí padà sí Èkó, wọ́n kọ́lé sí Olówógbowó. Nígbà tí àwọn Sàró ẹgbẹ́ wọn ń yí orúkọ padà sí ti Yorùbá, baba baba ọkọ mi fàáké kọ́rí. Ó ní orúkọ tí wọ́n fi tẹ́wọ́ gba bàbá òun lọ́jọ́ tí kò ní ẹnìkankan, òun ò ní í sọ ọ́ nù.

Ọkọ mi jogún agídí yẹn. Nígbà tí a dé New York tí a ń gbé ní Highbridge, ní Bronx, ó gbọ́ pé òyìnbó àgbàlagbà kan wà ní Wakefield, lápá òkè Bronx níbẹ̀, tó ń jẹ́ Tarrowby, tó sì ń kó orúkọ gbogbo Tarrowby tó wà láyé jọ sínú ìwé kan. Ẹ wá wo ayọ̀! Ọkọ mi jókòó, ó kọ lẹ́tà olójú ewé mẹ́rin, ó to ìran rẹ̀ láti Freetown títí dé orí Dámiláre, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí. Èsì tí bàbá yẹn fi ránṣẹ́ kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Ó ní ó ṣeun tó kọ̀wé. Ó ní àwọn tí ẹ̀jẹ̀ pa pọ̀ nìkan ni ìwé náà wà fún. Ó ní ó dàbọ̀.

Orí ìdúró ni ọkọ mi ti ka lẹ́tà yẹn. Ó ká a, ó fi í sínú Bíbélì. Lọ́jọ́ kejì ó ní, “Kò burú, Ìyá Dámiláre. Kò tíì rí wa ni. Bó bá rí wa, á kọ wá sí i.” Ó ń retí ìyẹn títí ó fi kú.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe. Teresa, ọmọ Puerto Rico tó ń pín iṣẹ́ fún wa ní ọ́fíìsì, ló pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kan, ẹ̀rín ń pa á. Ó ní bàbá kan wà ní Wakefield tí ojú rẹ̀ ti ń fọ́, pé orúkọ rẹ̀ àti tèmi bára mu, ṣé ìbátan ni wá? Ó ka àdírẹ́ẹ̀sì. Àdírẹ́ẹ̀sì orí lẹ́tà inú Bíbélì ni. Mo ní, “Teresa, fún mi niṣẹ́ yẹn, má fún ẹlòmíì.” Ẹ lè má gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjà ni mo bá lọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá: kí bàbá yẹn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí wọ́n kọ orúkọ ọkọ mi sínú ìwé náà.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìyàwó ilé kì í wo ọjọ́ orí nínú ìdílé ọkọ rẹ̀. Àgbà wọn, ọmọ ọwọ́ wọn, ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Bí mo ṣe wọlé tí mo rí bàbá lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí n tó ronú, eékún mi ti kanlẹ̀. “Ẹ káàárọ̀ o, ọkọ mi.” Yorùbá ni mo fi sọ ọ́. Òyìnbó yí orí síhà ibi tí ohùn ti wá, ó ní, “Kí ló já bọ́ lọ́wọ́ ẹ?” Mo dìde, mo gbọn yẹ̀rì mi nù, mo ní kò sí nǹkan kan.

Àwòrán ayé gbàgàdà kan wà lára ògiri rẹ̀. Ó ti fi abẹ́rẹ́ olórí pupa gún gbogbo ibi tí Tarrowby ti gbé rí. Ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ ló kóra jọ sí abúlé kan létí odò, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá ní láyé àtijọ́ gbogbo wọn ò kọjá ibi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé láàárọ̀, kó sì padà wá jẹun ọ̀sán. Nígbà tó yá, àwọn ahunṣọ inú wọn kó lọ sí Canada, àwọn tó ń sin àgùntàn lọ sí New Zealand. Atukọ̀ kan nínú wọn sọ̀ kalẹ̀ ní New York, kò padà mọ́. Bàbá bàbá rẹ̀ nìyẹn. Etíkun Áfíríkà tiwa ńkọ́? Ó mọ́ tónítóní. Abẹ́rẹ́ kan ò kàn án.

Nítorí ojú rẹ̀, èmi ni mò ń kọ ìwé náà fún un. Bó bá ní kí n kọ, mo kọ. Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tíì, mo gbọ́dọ̀ ka àwọn tó wà láàyè sókè, orúkọ àti ìlú. Á dijú, á máa mi orí díẹ̀díẹ̀. Mọ́kànlá ni wọ́n nígbà tí mo débẹ̀. Àmọ́ lẹ́tà ń wọlé: èyí kú, tọ̀hún kú. Arúgbó ni gbogbo wọn, àwọn kan ò bímọ, àwọn ọmọbìnrin sì ti ń jẹ́ orúkọ ilé ọkọ. Láàárín ọdún mẹ́ta, ó ku bàbá fúnra rẹ̀ àti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan, Miss Susan, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, tó ṣì ń gbé abúlé náà.

Ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo bi í? “Bàbá, àwa ńkọ́? Dámiláre ọmọ mi wà ní Highbridge, ó ti bí Ìníọlá àti Kúnmi. Mẹ́ta rèé, wọ́n wà láàyè, wọ́n ń jẹ́ Tarrowby.” Á mí kanlẹ̀, á ní, “Doyin, wọ́n fún yín lórúkọ náà ni. Wọn ò bí yín sí i. Ẹ̀bi yín kọ́.” Lẹ́yìn náà á bèèrè bóyá ikọ́ Kúnmi ti lọ, á sì ní kí n mú bisikíìtì dání fún àwọn ọmọ. Ká má parọ́, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí wọra. Bó bá jẹ́ ìkà ni, ǹ bá ti mọ ohun tí mo máa ṣe sí i.

Mo lè kọ ọ́ kó má mọ̀. Bírò wà lọ́wọ́ mi, ojú rẹ̀ kò sì ríran mọ́. Ṣùgbọ́n olè kọ́ ni mí. Nígbà tó di ọjọ́ tó pé ọdún márùn-ún tí ọkọ mi kú, mi ò lè fara dà á mọ́. Mo kọ ọ́ gàdàgbà: Titus Olúsànmí Tarrowby, Èkó àti Bronx. Mo kọ Dámiláre sí abẹ́ rẹ̀. Mo kọ Ìníọlá. Mo kọ Kúnmi. Ọjọ́ Ẹtì ni. Nígbà tí mo ka ti bàbá àti ti Miss Susan tán, n kò dúró, mo ka tiwa. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn tí mo pe ọkọ mi lórúkọ gbangba.

Bàbá la ojú. “Ta ló ní kí o kọ ìyẹn?”

“Èmi ni, sà.”

“Pa á rẹ́.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀, ó sì mọ̀ lọ́tẹ̀ yìí pé nǹkan kan ò já bọ́. Ó ní ọgọ́ta ọdún lòun fi kó ìwé náà jọ, pé bí ohun kan tí kò rí bẹ́ẹ̀ bá wọ inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. “Fa ìlà sí i, kí n gbọ́.” Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé etí sún mọ́ ìwé náà. Mo fa ìlà sí Kúnmi. Mo fà á sí Ìníọlá. Mo fà á sí Dámiláre. Nígbà tó kan ọkọ mi, ọwọ́ mi kọ̀, bàbá sì ń dúró, etí rẹ̀ ṣì wà lórí ìwé. Dámiláre ti pàdánù iṣẹ́ lóṣù méjì sẹ́yìn, rẹ́ǹtì gbogbo wa wà lórí mi. Mo fà á. Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa ọkọ mi rẹ́, ẹ gbọ́ mi? Ọwọ́ ara mi.

Nígbà tí mo délé tí mo sọ fún Dámiláre, ó gbá tábìlì. “Mọ́mì, ẹ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀! Ẹ má débẹ̀ mọ́!” N kò fi í sílẹ̀. Mò ń lọ, mò ń bọ̀, mò ń wẹ̀ ẹ́, mò ń se ọbẹ̀ ọ̀dùnkún tó fẹ́ràn. Àmọ́ ẹ̀rín ti tán láàárín wa.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ àlùfáà abúlé náà. Miss Susan ti kú. Mo kà á fún bàbá. Ó ní, “Doyin, mélòó ló kù?”

“Ẹyọ kan, sà. Ẹ̀yin nìkan.”

Láti ọjọ́ yẹn, oúnjẹ ò wọ ẹnu rẹ̀ bó ṣe yẹ. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ yẹn láti fi gbẹ̀san, ẹ má ṣì mí gbọ́. Òtítọ́ inú ìwé rẹ̀ ni mo sọ. Ó ń jókòó síwájú àwòrán ayé tí kò lè rí mọ́, ó ń fi ìka wá àwọn abẹ́rẹ́ náà. Dókítà wá, ó ní àgbà ló dé. Mo mọ̀ pé àgbà nìkan kọ́.

Ó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, ó ku díẹ̀ kí agogo márùn-ún lù kí n máa lọ ilé. Mò ń ká aṣọ rẹ̀. Ó pè mí. “Doyin, ka àwọn ti Bronx fún mi.”

Mo ní, “Àwọn wo?”

“Titus. Ọmọ rẹ̀. Àti àwọn kékeré méjèèjì.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ tí ọkọ mi fi ogún ọdún dúró dè nìyẹn. Èmi náà ti fi ọdún mẹ́rin wá a lórí ìkúnlẹ̀. Ó yẹ kí n sáré gbé ìwé. Ó yẹ kí n sunkún ayọ̀. Dípò ìyẹn, ìbínú kan bò mí lójú. Ìgbà tí kò sẹ́nì kan mọ́ ló tó mọ̀ wá? Ìgbà tí gbogbo òyìnbó rẹ̀ ti kú tán?

Mo ní, “Ẹ ní kí n pa wọ́n rẹ́, mo sì ti pa wọ́n rẹ́. Wọn ò sí níbẹ̀ mọ́.”

“Ṣé o kò lè rí wọn lábẹ́ ìlà náà?”

“N kò rí wọn.” Irọ́ ni. Ìlà bírò kan péré kì í bo nǹkan kan.

“Nígbà náà, tún wọn kọ. Jọ̀ọ́, Doyin. Kí n gbọ́.”

Mo wo agogo. Mo ní, “Agogo márùn-ún ti lù, sà. Ó dọ̀la.” Mo wọ ẹ̀wù òtútù mi. Ó ṣì na ọwọ́ síhà ibi tí ìwé wà. Mo ti ilẹ̀kùn. Nínú bọ́ọ̀sì, inú mi dùn, kí n sòótọ́ fún yín. Mo ní kí òun náà fi òru kan mọ bó ṣe ń rí.

Ní òwúrọ̀, kí n tó wọ bàtà, Teresa pè. Ó ní kí n má wulẹ̀ lọ sí Wakefield mọ́, bàbá ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ní òun ti rí arúgbó mìíràn fún mi ní àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Stapleton. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, bàtà lọ́wọ́ mi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lọ́yà rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá kọ ọjọ́ ikú bàbá sínú ìwé náà, nítorí ìkọ̀wé ọwọ́ mi ló wà nínú rẹ̀, kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo sọ fún un pé bàbá ní kí n tún àwọn orúkọ mẹ́rin kan kọ. Lọ́yà ní, “Ṣé ẹlòmíì gbọ́ ọ? Ṣé ó fọwọ́ sí nǹkan kan?” Mo ní rárá. Ó ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé òun ò lè jẹ́ kí n fi kún un. Mo kọ ọjọ́ ikú náà. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ibẹ̀ ni orúkọ náà parí sí.

Nígbà tí mo délé, Dámiláre ń dáná fún àwọn ọmọ. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ kú ìrọ́jú. Ṣé ó kọ Dádì sí i kó tó lọ?”

Mo ní kò kọ ọ́.

Ó pòṣé. “Òyìnbó ìkà. Ọkàn rẹ̀ yigbì títí dójú ikú.” Kúnmi, ọmọ ọdún mẹ́fà, gbà á lẹ́nu rẹ̀: “Òyìnbó ìkà!” Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ń tú okùn bàtà mi. Oṣù karùn-ún rèé tí wọ́n ti ń bú bàbá yẹn nínú ilé mi, mi ò sì tíì lè la ẹnu sọ fún wọn pé ó bẹ̀ mí, èmi ni mo wọ ẹ̀wù mi tí mo jáde.