Délé Ti Lọ sí Kàdúnà

Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Mo máa wọlé, mo máa bọ́ bàtà, mo máa dọ̀bálẹ̀. Ẹ káàsán, sà... rárá, sà kọ́. Wọn kì í ṣe ọ̀gá ilé-ìwé. Ẹ káàsán, Àáfà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ṣe ń pè wọ́n, Àáfà Abdulkareem, bàbá Marufat. Wọ́n á ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi." Àbí wọn ò ní fi ọmọ mi sí i? Wọ́n á ní, "Káàbọ̀," wọ́n á máa wò mí... Ẹ̀yìn káàbọ̀ yẹn gan-an ló ń já mi láyà.

Mátíù, mí ná. Mí dáadáa.

Bọ́ọ̀sì Ògbómọ̀ṣọ́ yìí ń sáré jù. Lọ́jọ́ tí mo bá ń kánjú lọ ra pákó, á máa wọ́ bí ìgbín. Lónìí tí mo fẹ́ kó fẹ̀sọ̀ ṣe é, ó ń fò lójú títì bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níbi ìkómọ. Ìyá tó jókòó tì mí níwájú ti sùn lọ, orí rẹ̀ ń bọ̀ léjìká mi díẹ̀díẹ̀. Kó máa bọ̀. Ó sàn kó sùn. Nígbà tó ṣì lajú ní gáráàjì Owódé, ariwo tó pa—

"Délé! Ẹ wá wo Délé o! Ṣé ẹ ti dé láti Kàdúnà ni?"

Gbogbo gáráàjì ló yíjú. Èmi, Mátíù káfíńtà, tí mo ti ń wọkọ̀ níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gba fíríìdọ̀mù, tí ẹnikẹ́ni ò wò lẹ́ẹ̀mejì rí! Awakọ̀ ní kí n bọ́ síwájú, ó ní ẹni tí obìnrin ti fojú rẹ̀ rí màbo kò gbọdọ̀ tún lọ jókòó sórí táyà. Mo ní, "Ẹ ṣeun o, ṣùgbọ́n eré ni. Mi ò dé Kàdúnà rí." Ó ní òun mọ̀, òun mọ̀, kí n ṣáà jókòó, Ọlọ́run á pèsè ẹlòmíràn.

Ẹlòmíràn kẹ̀? Ẹyọ kan tó wà nílẹ̀ yìí ni mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa...

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, mi ò tíì lóye rẹ̀ tán. Àwọn onítẹlifíṣọ̀n wá láti Ìbàdàn, wọ́n gba ilé kan ní Ọ̀yọ́ tí wọ́n á ti máa ya Àgbàlá Adégòkè, eré ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ wọn. Wọ́n ní kí n wá kan tábìlì àti àga sínú ilé náà. Abẹ́ tábìlì ni mo wà tí mò ń gbá ìṣó wọlé nígbà tí wọ́n ní ẹni tó fẹ́ ṣe Délé ti ríṣẹ́ ìjọba, kò wá mọ́. Ọ̀gá Josiah, tó ń darí eré náà, wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì.

"Ìwọ. Jáde wá ká rí ẹ. Ṣé o lè kàwé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó ti tó."

Ó ti tó! Bí mo ṣe di olólùfẹ́ Mọ́rẹ̀nikẹ́ nìyẹn.

Kò pẹ́ níbẹ̀, Délé yẹn. Adégòkè, ọkọ Mọ́rẹ̀nikẹ́, ti rìnrìn àjò, wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Obìnrin ń sunkún lójoojúmọ́. Délé dé. Olùkọ́ ni, ó ní sùúrù, ó ń bá a pọn omi, ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìṣirò. Ìfẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa rúwé ni Adégòkè yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpótí lórí. Ṣé ẹ rí i... ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀ gan-an? Délé ní láti kúrò, kò sí ọgbọ́n mìíràn. Mo rò pé wọ́n á pa á ni. Mo tiẹ̀ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kú, mò ń ṣubú lulẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, tí ekuru pákó ń bò mí lójú. Ọ̀gá Josiah ní rárá, ikú ti tóbi jù fún Délé. "Tíránsífà la máa fún un. Kàdúnà."

Bẹ́ẹ̀ ló lọ. Kò jà, kò bínú. Ó wo Mọ́rẹ̀nikẹ́ fún ìgbà ìkẹyìn, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Délé gbà, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ ò gbà! Ìyá mi, tó mọ̀ pé eré ni, tó jẹ́ pé lọ́jọ́ tí mo lọ sí Kàdúnà yẹn gan-an, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti jẹ àsáró... ìyá mi dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Ìsinmi, nínú aṣọ àdúrà funfun, ó ní kí ìjọ bá òun fi ọ̀rọ̀ Adégòkè sádùúrà. "Kí Ọlọ́run dá a padà síbi tó ti ń bọ̀!" Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Wòlíì gan-an ṣe àmín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo dúró ra súyà ní Sábó, Màlámù ń fi ẹran lé ẹran fún mi, ó ní ilé bàbá òun wà ní Kàdúnà, bí mo bá padà débẹ̀ kí n má lọ sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì.

Inú mi ń dùn. Kí n má tan ara mi jẹ, inú mi ń dùn débi pé mo máa ń fẹnu fọn fèrè bí mo bá ń rẹ́ pákó. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń kí? Èmi, àbí Délé? Ìyẹn ló ń yí lórí mi láti àárọ̀. Ta ni Àáfà ránṣẹ́ pè?

Mashood ló jẹ́ iṣẹ́ náà, àbúrò Marufat. Ó yọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi l'Álàmísì.

"Bọ̀dá Mátíù, Bàbá ní kẹ́ ẹ wá kí àwọn ní Sátidé."

"Ṣé kò sí o?"

"Èmi ò mọ̀ o. Wọ́n ṣáà ń rẹ́rìn-ín."

Ẹ̀rín! Ẹ̀rín wo? Ti ẹni tó fẹ́ fúnni lọ́mọ, àbí ti ẹni tó fẹ́ sọ pé ọmọ òun ò ní fẹ́ eléré? Tàbí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn... rárá, Marufat ti sọ tìyẹn fún mi tipẹ́. Bàbá rẹ̀ ní ilé Onígbàgbọ́ ni wọ́n ti fẹ́ ìyá tó bí àwọn, pé ọ̀rọ̀ ká jókòó sọ ọ́ ni. Ká jókòó sọ ọ́. Èmi ni mi ò jókòó.

Kí n má rántí ọjọ́ yẹn.

Mo ti rántí rẹ̀. Ọdún tó kọjá, lẹ́yìn Iléyá. Marufat ti bá wọn sọ̀rọ̀ sílẹ̀, gbogbo ohun tó kù ò ju kí n lanu lọ. Àáfà jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ara wọn balẹ̀, ojú wọn tutù. "Káàbọ̀, ọmọ mi. Kí lo bá wá?" Mo wo ilẹ̀. Mo wo àjà. Mo wo ilẹ̀kùn. Mo ní... Ọlọ́run, dákun... mo ní, "Ilẹ̀kùn yín ni mo wá wò, sà."

Ilẹ̀kùn!

Wọ́n ní, "Lóòótọ́, ó ń ha ilẹ̀." Ni mo bá lọ yá irinṣẹ́ lọ́wọ́ káfíńtà àdúgbò wọn. Mo yọ ilẹ̀kùn, mo fá ìdí rẹ̀, mo dá a padà. Wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ mi ò ní bàjẹ́. Mo ṣe àmín. Mo wọkọ̀, mo padà sí Ọ̀yọ́ bí ẹni tó jíṣẹ́ tán. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Marufat sọ kó tó dákẹ́ sí mi fún bí oṣù kan: "Ṣé èmi lẹ wá fẹ́ ni, àbí ilẹ̀kùn?"

Mashood sọ nǹkan mìíràn l'Álàmísì. Ó ní Àáfà, tí kì í wo nǹkan kan ju ìròyìn lọ, ti di ẹni tó ń wo Àgbàlá Adégòkè. Wọ́n á ní tẹ̀sùbáà làwọn ń fà, wọ́n á fẹ̀yìn ti ògiri. Bí Délé bá ti yọjú, tẹ̀sùbáà á dúró. Wọ́n ní, "Marufat, ẹni tó tún ilẹ̀kùn wa ṣe kọ́ nìyí?" Lọ́jọ́ tí Délé sì lọ, wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ọmọkùnrin yìí, kí ló dé tó fi máa ń lọ ṣá?"

Kí ló dé tó fi máa ń lọ ṣá...

Wọ́n mọ̀. Kì í ṣe Délé ni wọ́n ń bá wí. Délé ò dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn rí.

Ó dáa. Ó dáa, èmi ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Ìyẹn kan ti yé mi. Ṣùgbọ́n ti Marufat ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé e sùn, mo gbé e jí. Mo dé ìsọ̀ tó ti ń ta aṣọ ní Ọjà Igbó, mo ní kó gé aṣọ àga fún mi. Aṣọ àga tí mo ti rà lọ́wọ́ Marufat ti ju gbogbo àga tí mo ti kàn láyé mi lọ. Mo rò pé á fi Délé ṣe mí yẹ̀yẹ́ bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe. Kò gé aṣọ. Ó fi sísọ́ọ̀sì lélẹ̀. Kò tiẹ̀ pè mí ní Bọ̀dá.

"Mátíù, ojú tó o fi wo obìnrin yẹn kó o tó lọ, níbo lo ti rí i? O ò fi wò mí rí."

Kò pariwo. Ì bá kúkú pariwo.

Mo ní eré ni. Ó ní òun mọ̀ pé eré ni, òun kì í ṣe ọmọdé, "ṣùgbọ́n èèyàn kì í mú ohun tí kò sí lápò rẹ̀ jáde." Oníbàárà kan wọlé, mo ní mo ń bọ̀, mo lọ. Mo tún lọ!

Àti pé Ìbùkúnọlá... ẹ̀gbọ́n ni Ìbùkúnọlá tó ṣe Mọ́rẹ̀nikẹ́ jẹ́ sí mi. Ọkọ rẹ̀ ló máa ń fi alùpùpù Fẹ́sípà gbé e wá síbi iṣẹ́. Á máa jẹ ẹ̀pà títí wọ́n á fi ní "Ó yá," á gbé tẹnu rẹ̀ mì, omi á bọ́ lójú rẹ̀ wọ̀ọ̀. Bí mo bá sún mọ́ ọn láti sọ̀rọ̀ ìfẹ́, ẹ̀pà ni mò ń gbóòórùn. Lọ́jọ́ ìdágbére yẹn, mi ò lè wò ó. Bàtà rẹ̀ ni mò ń wò. Ọ̀gá Josiah dá wa dúró, a tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dá wa dúró, títí Ìbùkúnọlá fi ní, "Mátíù, jọ̀ọ́, ẹ̀pà mi ti tán." Ni Ọ̀gá bá sún mọ́ mi, ó rọra ní, "Má wo Ìbùkúnọlá mọ́. Ṣé ẹnì kan wà tó o máa ń wò? Òun ni kó o wò."

Mo wò ó. Ọ̀gá ní, "Ẹ pa iná. Ó parí."

Marufat ni mo wò. Ìyẹn ò ṣe mí níyèméjì rí. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé, bó bá jẹ́ òun ni, kí ló dé tí kò dá ojú náà mọ̀? Tirẹ̀ ni. Báwo lèèyàn ṣe máa ní nǹkan tí kò rí rí?

Odò Ọbà nìyí. Omi ti kún, ó ń dán. Àwọn kan ń sá aṣọ sórí òkúta, ẹnì kan ń juwọ́ sí wa, mo juwọ́ padà. Kò ní pẹ́ mọ́.

Kí n tún un rò. Kí ni mo rí lọ́jọ́ yẹn, gan-an gan-an, nígbà tí Ọ̀gá ní kí n wo ẹni tí mo máa ń wò? Ìsọ̀ ni. Ọ̀sán ni. Marufat dúró lórí àpótí, ó na ọwọ́ sókè, ó fẹ́ mú ìdì aṣọ kan tó wà lókè pátápátá. Ìborùn rẹ̀ ti yọ̀ wálẹ̀. Ó ń kọrin sẹ́nu, orin náà ò já gaara. Lááli wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò mọ̀ pé mo ti dé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò wúkọ́, mi ò sọ̀rọ̀, mò ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó ń ṣe mí bíi kí n...

Dúró ná. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀.

Ọjọ́ mìíràn ńkọ́? Ọjọ́ tó ń bá ìyá kan nájà, tó kọ ẹ̀gbẹ́ sí mi. Ọjọ́ tí mo sìn ín dé ìdí ọkọ̀, tó ń lọ, tí kò wẹ̀yìn, tí mo dúró títí mi ò fi rí i mọ́. Ẹ̀yìn. Ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀yìn. Bó bá ti yíjú pẹ́n báyìí, "Bọ̀dá Mátíù, ẹ ti dé?", mo ti wolẹ̀. Aṣọ àga ni mò ń wò!

Háà.

Kò rí i rí. Kò lè rí i! Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n ni mo ti ń fi ojú yẹn wò ó, ìgbà tí kò bá wò mí nìkan ni. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó máa rí i láyé rẹ̀, inú tẹlifíṣọ̀n bàbá rẹ̀ ló ti rí i, tí mo gbé e fún ẹlẹ́pà!

Ẹ̀rín ń gbé mi jìgìjìgì. Ìyá yìí ti jí, ó gbé orí kúrò léjìká mi, ó ń wò mí bóyá orí mi pé. Ó pé, Ìyá. Kò pé tó báyìí rí.

Òrùlé ti ń pọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Awakọ̀ ti ń pe ibùdókọ̀ Táàkì. Màá sọ ọ́ fún Àáfà, gbólóhùn kan ni: Marufat ni mo wá fẹ́. Lẹ́yìn náà màá jókòó, kí wọ́n bi mí ní ohun tó bá wù wọ́n. Àyà mi ṣì ń lù, kó máa lù. Ṣùgbọ́n Marufat ló máa kọ́kọ́ jáde pàdé mi. Á fọwọ́ tún ìborùn ṣe, á ní mo ti dé. Ilẹ̀ á máa fa ojú mi, mo mọ ara mi. Mi ò ní wolẹ̀. Màá dúró síwájú rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, màá wò ó, títí á fi rí i.