Iye Owó Tó Dúró Lójú Kan

Nígbà tí kọ́ìnì ọkọ mi ń gòkè, ilé wa kì í ṣe ilé mọ́. Gbogbo owó tí a tọ́jú láti fi gba ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ ló kó sínú owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn. Aránṣọ ni mí, àjà kẹta ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo ti ń ránṣọ. Àwọn oníbàárà mi a gun àtẹ̀gùn dé ìdajì, wọn a ṣẹ́rí padà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Mo kọ́kọ́ bá a jà. Mo bi í pé ṣé orí ẹ̀ pé báyìí. Kọ̀ǹpútà ló ń wò. Iye kọ́ìnì náà ń fò sókè bí ọmọdé tó jẹ ṣúgà jù, ọkọ mi náà sì ń fò tẹ̀lé e. Pátákó ìpolówó ló máa ń kọ, Ọ̀gá Lẹ́tà ni wọ́n ń pè é, torí lẹ́tà rẹ̀ kì í wọ́. Lásìkò yẹn, ó kọ pátákó fún oníbúrẹ́dì kan, gbogbo lẹ́tà ibẹ̀ wọ́ bí ẹni tó mutí yó.

Nígbà tó yá, ìwà yẹn ràn mí. Láàárọ̀, kí n tó bọ́jú, màá ti yọjú wo iye náà. Màá wá jókòó, màá máa sọ bí ṣọ́ọ̀bù náà yóò ṣe rí, bí oòrùn àárọ̀ yóò ṣe máa wọlé títí dé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Nígbà mìíràn mo máa ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àwọn oníbàárà nínú ṣọ́ọ̀bù tí a kò tíì gbà. Ọkọ mi á máa wò mí, á máa rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, iye náà dúró. Ọkọ mi ní kọ̀ǹpútà ń gbóná jù, òun ti pa àwọn ètò kéékèèké tó máa ń sáré lábẹ́ ojú-ewé, tó ń mú kí fídíò àti ìpolówó máa yí lórí rẹ̀. Ó ní ọjà ọ̀hún náà sì ti fara balẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Àwọn ìpolówó tó máa ń ta pọ́ún-pọ́ún lójú ẹni kò sí mọ́. Funfun ni gbogbo rẹ̀, iye ńlá náà nìkan ló wà láàárín bí ẹni tó sùn. Ọkọ mi tún ń kọ lẹ́tà tó gún. Àwa méjèèjì ń rìn jẹ́jẹ́ nínú yàrá náà, bíi pé a kò fẹ́ jí i.

Ní ọ̀sán kan, mo fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń gé apá ẹ̀wù kan. Fídíò náà kọ̀, kò ṣí. Mo wá ibi tí ọkọ mi ti pa àwọn ètò náà, mo tan wọ́n. Bí mo ṣe padà sí ojú-ewé kọ́ìnì ni iye náà mì lẹ́ẹ̀kan, ló bá já wálẹ̀. Ìlà kan yọ lábẹ́ rẹ̀ tó fi hàn pé kọ́ìnì náà ti wó tipẹ́. Àwọn ètò tí ọkọ mi pa ló máa ń mú iye tuntun wá; iye àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà tọ́jú la ti ń wò látọjọ́ yìí.

Owó kọ́ ni mo kọ́kọ́ rò, ọkọ mi ni. Ta ló máa sọ fún un? Mo sáré pa àwọn ètò náà, iye ńlá náà sì padà wá jẹ́jẹ́. Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tó wọlé, ọ̀dà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wo ojú mi, ó wo kọ̀ǹpútà. "O ti tan àwọn ètò náà," ó ní.

"Ẹ mọ̀?"

"Ọjọ́ tí kọ́ìnì náà wó gan-an ni mo pa wọ́n." Ó jókòó sórí àpótí òwú mi. "Ò ń sọ̀rọ̀ oòrùn àárọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò lè dá ẹ lẹ́kun."

Inú bí mi gidigidi. Mo bi í pé ṣé ọmọdé ni mí tó fi ń fi owó àná tàn mí. Ó dùn mí pé owó lọ, ṣùgbọ́n ó dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ pé òun nìkan ló ń dá a rù, tó sì ń rẹ́rìn-ín sí mi láràárọ̀.

Nígbà tó yá, mo jókòó tì í. Iye náà ṣì wà níwájú wa. Àwa méjèèjì mọ̀ pé kò sí, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó nawọ́ pa kọ̀ǹpútà náà.

"Ibo lo fẹ́ kí n kọ orúkọ ẹ sí?" ó rọra bi mí. "Ara ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà ni àbí òkè fèrèsé?"

"Òkè fèrèsé," mo ní, mo sì ń sunkún. "Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà."