Pákó Ẹ̀bi Oníhò Mẹ́wàá

1.

…ihò kẹwàá ló wá le jù. Igi náà ní kókó níbẹ̀. Ìlu ò wọ̀ ọ́. Irin gbígbóná ni mo fi dá a lu. Mo wá fi sáńpépà pọ́n gbogbo rẹ̀ títí ó fi ń dán bí eyín ọmọdé.

Pákó kan. Ihò mẹ́wàá. Èèkàn kékeré kan tó ń bọ́ sínú ihò láì mì.

Mi ò lọ ilé-ìwé ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ló kọ́ mi. Síbẹ̀, gbogbo ilé iṣẹ́ ìrọ̀rí yìí ló ń pè mí ní Ẹnjiníà nígbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́. Tó bá ń ṣiṣẹ́, "ìwọ yẹn" ni mò ń jẹ́.

2.

Oṣooṣù ni gbogbo wa ń dá owó sínú Àpò Ìlera. Ẹni tó bá ṣàìsàn, Àpò á san owó ọsibítù rẹ̀. Ó rọrùn. Ohun tó bá sì rọrùn kì í pẹ́ sú àwọn ọlọ́gbọ́n.

Dírẹ́bà lọ gbá bọ́ọ̀lù, ó fẹsẹ̀ rọ́. Alága Àpò, tó tún jẹ́ fọ́máànù wa, dìde nípàdé.

"Ṣé èmi ni mo ní kó gbá bọ́ọ̀lù ni? Kí ló dé tí owó mi á fi bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sí ọsibítù?"

A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, pàápàá létí ẹni tí ara rẹ̀ le.

Alága ní kí n ṣe ohun kan tí kò ní ṣe ojúsàájú, tí kò mọ ẹbí, tí kò mọ ọ̀rẹ́.

Mo ní igi kì í ní ẹbí.

3.

ÌLÀNÀ LÍLÒ
(mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn pákó)

Kí èèkàn bẹ̀rẹ̀ láti ìta.
Ṣé aláìsàn mọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni: ihò mẹ́ta.
Ṣé wọ́n kìlọ̀ fún un? Bẹ́ẹ̀ ni: ihò mẹ́ta sí i.
Ṣé ó lè sá fún un? Bẹ́ẹ̀ ni: ihò mẹ́rin sí i.
Ihò tí èèkàn bá dúró sí, iye ìdá yẹn nínú mẹ́wàá ni aláìsàn yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ san.
Ẹ má fi òróró pa á.

Dírẹ́bà ló ṣí i. Mẹ́wàá.

4.

ÀKỌSÍLẸ̀ ÌPÀDÉ: Ọ̀RỌ̀ ARÁNṢỌ
(Ó bímọ, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbà á.)

ALÁGA: Ṣé o mọ̀ pé o lè lóyún?
ARÁNṢỌ: Sà, mo ti lọ́kọ.
ALÁGA: Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́?
ARÁNṢỌ: Bẹ́ẹ̀ ni, sà.
ALÁGA: Ṣé ẹnikẹ́ni kìlọ̀ fún ọ?
ARÁNṢỌ: Ìyá mi, sà. Ó ní kí n má fẹ́ ẹ.
(Ẹ̀rín.)
ALÁGA: Wọ́n kìlọ̀. Ṣé o lè sá fún un?
ARÁNṢỌ: Fún ta ni, sà? Fún ọkọ mi? Yàrá kan la ní.
(Ẹ̀rín. Ẹnjiníà sún èèkàn. Mẹ́wàá.)
DÍRẸ́BÀ: Ọkọ náà ò ní gbé ìdá kankan ni?
ALÁGA: Ṣé ọkọ ló bímọ?

5.

Ọ̀RỌ̀ BÀBÁ ẸNU Ọ̀NÀ
(Ojú rẹ̀ ń ṣú. Bàbá yìí ló ń ṣí géètì fún wa.)

ALÁGA: Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ ń dàgbà?
BÀBÁ: Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura.
ALÁGA: Ṣé wọ́n kìlọ̀ fún yín?
BÀBÁ: Ojoojúmọ́. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń wọlé lẹ̀ ń pè mí ní bàbá.
ALÁGA: Ṣé ẹ lè sá fún ogbó?
BÀBÁ: Àyàfi ká ní mo kú ní kékeré.
ALÁGA: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀nà wà.
(Mẹ́wàá.)

6.

Àpò Ìlera kò kún báyìí rí.

7.

Fáànù yàrá ìtú-òwú kú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú òwú ká kó tó wọnú ìrọ̀rí.

Fáànù yẹn, ohun ẹlẹ́wà ni. Apá rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀. Tó bá ń yí, á fa afẹ́fẹ́ láti ilẹ̀, eruku á tẹ̀ lé e, wọ́n á jọ gba inú páìpù jáde. Tí kò bá yí, àyà ènìyàn ló di páìpù.

Àyà tó wà níbẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Òun ló tọ́ mi dàgbà. Àǹtí ni mò ń pè é. Gbogbo ilé iṣẹ́ gbà á lẹ́nu mi.

Mo kọ̀wé sí Alága pé mọ́tò fáànù ti jóná, pé eruku á pa ènìyàn. Èsì dé kíá.

8.

Ì   K   Ì   L   Ọ̀

ERUKU WÀ NÍ YÀRÁ YÌÍ.
ẸNI TÓ BÁ MÍ, FÚN ARA RẸ̀ LÓ MÍ.

— Alága

9.

Bébà dínwó ju mọ́tò lọ. Kì í gbóná. Kì í béèrè bẹ́líìtì. Èmi ni mo bá wọn kàn án mọ́ ògiri. Mo yà sẹ́yìn, mo wò ó bóyá ó gún.

Ó gún régé.

10.

Ohùn Àǹtí lórí fóònù mi, bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn:

"Àbúrò mi, ikọ́ yìí ò jẹ́ kí n sùn. Bá mi wo fáànù yẹn."

"Ṣé o ti wò ó?"

"Wọ́n ti lẹ òmíràn. Èyí pupa. Ó mà rẹwà o. Òun ni mò ń wò tí mo bá ń wúkọ́."

"Dókítà ní àyà mi ò gba afẹ́fẹ́ mọ́ bó ṣe yẹ. Wọ́n ní kí wọ́n dá mi dúró sí ọsibítù, kí n má fi falẹ̀, pé tó bá bàjẹ́ kọjá ibi tó dé yìí, kò ní ṣeé tún ṣe. Ṣùgbọ́n owó ní láti wọlé kí èmi tó wọlé. Àpò á san án, àbí?"

11.

Ọ̀RỌ̀ ÀǸTÍ

ALÁGA: Àǹtí, ẹ kú ara àìle. Ṣé ẹ mọ̀ pé eruku wà níbẹ̀?
ÀǸTÍ: Èmi ni mo wá sọ fún yín.
ALÁGA: Ẹ ṣé tí ẹ ò purọ́. Ẹnjiníà, mẹ́ta. Ṣé a kìlọ̀ fún yín?
ÀǸTÍ: Ìkìlọ̀ yín ti bo ògiri. Mi ò rí ògiri mọ́.
ALÁGA: Mẹ́ta sí i. Ṣé ẹ lè sá fún un?
ÀǸTÍ: Kí n má mí?
ALÁGA: Ẹ lè fiṣẹ́ sílẹ̀, mà.
ÀǸTÍ: Kí n wá máa fi kí ni dá owó Àpò?
DÍRẸ́BÀ: Alága, fáànù ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò ní bi fáànù ní nǹkan kan ni?
ALÁGA: Fáànù kì í dá owó. Ẹnjiníà!
(Ẹnjiníà ò tètè dìde.)

(Ó dìde.)

(Mẹ́wàá.)
ÀǸTÍ: Ọwọ́ ẹ ò gbọ̀n. Mo kọ́ ẹ dáadáa.

12.

Mo kọ ìpín yìí, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Nínú ọ̀kan, mo fi orúnkún ṣẹ́ pákó náà sí méjì lójú gbogbo wọn.

Kò ṣẹlẹ̀. Igi náà le.

13.

Mo gbé pákó lọ sórí tábìlì iṣẹ́ mi, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ihò dọ́gba. Èèkàn ò yẹ̀. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀, ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Mo wá fi Alága dán an wò.

Ṣé ó mọ̀ pé fáànù ti kú? Mẹ́ta.
Ṣé wọ́n kìlọ̀ fún un? Ìwé mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mẹ́ta sí i.
Ṣé ó lè sá fún un? Mọ́tò wà ní ṣọ́ọ̀bù òdìkejì títì. Owó sì wà. Mẹ́rin sí i.

Lóòótọ́, igi ò ní ẹbí.

14.

Ọ̀RỌ̀ TÍ KÒ SÍ LÓRÍ ÈTÒ

ẸNJINÍÀ: Alága, mo ti bi pákó. Ìdá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wà lọ́rùn yín.
ALÁGA: Kí ló ń ṣe mí?
ẸNJINÍÀ: Kò sí nǹkan tó ń ṣe yín, sà. Àǹtí ló ń ṣàìsàn.
ALÁGA: Èmi kọ́ ló ń ṣe, o sì gbé mi wá síwájú pákó? Ìwọ lo kọ ìlànà. Kà á.
ẸNJINÍÀ: "Ṣé aláìsàn mọ̀…"
ALÁGA: Ta ni?
ẸNJINÍÀ: Aláìsàn, sà.
ALÁGA: Ara mi le koko. Jókòó, ọmọ dáadáa. Ìròyìn ayọ̀ wà fún ọ.

15.

SÍ ẸNJINÍÀ WA Ọ̀WỌ́N

Láti ìgbà tí pákó rẹ ti dé ni Àpò Ìlera ti kún, nítorí pé kò san owó fún ẹnikẹ́ni. Ìgbìmọ̀ Àpò pinnu láti fi ẹ̀bùn owó dá ọ lọ́lá. Àwọn ẹ̀ka ilé iṣẹ́ wa mẹ́fà ti béèrè fún irú rẹ̀. Bí o bá ṣe mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán ni ẹ̀bùn yóò wọlé.

Ìlera loògùn ọrọ̀.

16.

Àtẹ̀jíṣẹ́ Dírẹ́bà lórí fóònù mi:

DÍRẸ́BÀ: Mo gbọ́ nípa ẹ̀bùn. Má ṣe é o.

DÍRẸ́BÀ: Àwọn ará ẹ̀ka wọ̀nyẹn náà lẹ́sẹ̀, wọ́n láyà.

DÍRẸ́BÀ: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Àǹtí dé ilé ni. Ó dúró sinmi nígbà mẹ́ta kó tó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ṣe é.

DÍRẸ́BÀ: Mi ò mọ̀. Má bi mí ní nǹkan kan.

17.

Ìyàrá Àǹtí. Ó jókòó ni, torí kò lè dùbúlẹ̀ mọ́.

ÀǸTÍ: Owó wo lo ní ó ń bọ̀?
ÈMI: Owó iṣẹ́.
ÀǸTÍ: Iṣẹ́ wo?
ÈMI: Iṣẹ́ igi.
ÀǸTÍ: Ìwọ ọmọ yìí. Aránṣọ ṣì ń san gbèsè ọmọ rẹ̀. Bàbá ń fọwọ́ wá géètì kó tó rí i ṣí. Tí mo bá fi owó yẹn mí, afẹ́fẹ́ ta ni mo mí yẹn?
ÈMI: Ẹ kọ́kọ́ mí ná, Àǹtí. Ẹ ó wá bú mi.
ÀǸTÍ: Mo fẹ́ bú ẹ báyìí—

Ikọ́ gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Mo dúró kó parí. Kò padà sórí ọ̀rọ̀ náà.

18.

Mo gbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ́kọ́ ṣe irin ìwọ̀n kan tí mo ń gbé lé orí igi kí n tó lu ú, kí ihò má bàa wọ́. Mo yan igi tí kò ní kókó. Mo kùn wọ́n, mo tò wọ́n síta gbangba kí oòrùn gbẹ wọ́n. Ẹni tó ń kọjá dúró, ó ní ṣé ayò ni.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

19.

Ẹ̀bùn wọlé.

Àǹtí wọlé.

20.

Bẹ́ẹ̀dì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìbòmú wà lójú Àǹtí, rọ́bà rẹ̀ lọ sínú sílíńdà afẹ́fẹ́. Mo fi ojú tọ rọ́bà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò jò níbì kankan. Àyà rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Mo kí i. Kò dáhùn. Mo tún kí i.

Nọ́ọ̀sì ní kí n má bínú, pé ìbòmú ni kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.

Mo dúpẹ́, mo jáde. Mo gba ìta, mo dé ojú fèrèsé.

Ó ti gbé ìbòmú náà sókè díẹ̀. Ó ń bá ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì sọ̀rọ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín.